Fífojú kéré ara ẹni: ìgbà tí ó yẹ láti wá ìtọ́jú

Kókó ọ̀rọ̀

• Fífojú kéré ara ẹni kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀, kì í sì í ṣe àbùkù ìwà. Ìdájọ́ tí ènìyàn ti kọ́ láti máa ṣe fún ara rẹ̀ ni, a sì lè tún un kọ́.
• Kì í ṣe àìsàn ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọ̀kan lára àmì àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.
• Ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe wà fún un.
• Èrò pé "n kò tó ẹni tí à ń tọ́jú" wà lára ìṣòro náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró di ìgbà tí èrò náà bá lọ kí ó tó wá ìrànlọ́wọ́.

Kí ni fífojú kéré ara ẹni?

Kò sí ẹni tí kì í ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀ nígbà mìíràn. Ti ẹni tí ó ń fojú kéré ara rẹ̀ yàtọ̀: ó ti gbà pé òun kò wúlò, àti pé ohunkóhun tí òun bá dáwọ́ lé yóò bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, láti èwe ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀: èébú ojoojúmọ́, fífi ọmọ wé ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ìlòkulò. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní àgbà, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, tàbí nítorí àìrọ́mọbí tàbí ìyà nínú ilé.

Kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣọ́ra níhìn-ín. Kíkúnlẹ̀, dídọ̀bálẹ̀ tàbí àìwo ojú àgbà kì í ṣe àmì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń sọ nípa ara rẹ̀ ni kí a tẹ́tí sí, bí ó bá ń tọrọ àforíjì léraléra pé òun ń yọ wá lẹ́nu, tàbí tí ó ń sọ pé kí a kọ́kọ́ dá àwọn "ènìyàn gidi" lóhùn.

Báwo ni ó ṣe ń fìdí múlẹ̀?

Ní ọdún 1997, Melanie Fennell, onímọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí èrò yìí ṣe ń bọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó gbà pé òun kò mọṣẹ́. Bí oníbàárà bá yìn ín, ó ní àánú ni ó ṣe ẹni náà. Bí ẹnì kan bá ráhùn, ó ní àṣírí òun ti tú. Nígbà tí ó yá, kò gba aṣọ ìgbéyàwó mọ́. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ tí yóò rí i pé òun lè rán an.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtọ́jú?

Olùtọ́jú kì í kàn yin aláìsàn, nítorí ìyìn kì í wọ etí ẹni tí ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àwọn méjèèjì a máa yẹ èrò náà wò bí a ti ń yẹ ẹjọ́ wò: kí ni ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀rí wo ni a sì ti gbójú fò? Aránṣọ náà lè máa kọ iye oníbàárà tí ó padà wá sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, yóò gba aṣọ kan tí ó ń bà á lẹ́rù, yóò kọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi í wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ó máa ń nira ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Kì í ṣe dókítà ọpọlọ nìkan ni ó lè ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú lọ́wọ́. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò Problem Management Plus jáde: ìpàdé 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 90. Òṣìṣẹ́ tí a bá kọ́, tí a sì ń bójú tó, lè ṣe é.

Nígbà wo ni kí ẹ wá ìtọ́jú?

Ẹ wá a bí èrò náà bá ń dí yín lọ́wọ́ nínú iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ìbágbépọ̀. Bí ìbànújẹ́ bá wà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun tàbí oúnjẹ sì yí padà, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Níbo ni kí ẹ lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó sún mọ́ yín. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, Árò ní Abẹ́òkúta, Enugu, Calabar, Kaduna àti Maiduguri, àti níbòmíràn. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ka ìyàsọ́tọ̀ sí aláìsàn ọpọlọ léèwọ̀.

Bí ẹ kò bá mọ bí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tó: "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ara mi bí ẹni tí kò wúlò. Mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́." Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí ó yẹ òṣìṣẹ́ ìlera ni: "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀."