Ṣé lóòótọ́ ni pé irin inú abẹ́rẹ́ COVID-19 ń fa òòfà mọ́ apá? Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa RNA àti magnesium

Lọ́dún 2021, oríṣiríṣi fídíò tàn ká orí Facebook àti WhatsApp, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lẹ òòfà mọ́ apá wọn, tí wọ́n ń sọ pé irin ló wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára COVID-19. Irọ́ ni. Òógùn àti epo ara lè di òòfà kékeré mú, bó ṣe ń di owó kọ́ìnì mú.

Àmọ́ òótọ́ kan wà nítòsí irọ́ yìí: RNA nílò magnesium, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn irin.

RNA dà bí okùn gígùn. Gbogbo ara okùn náà ló ní agbára iná òdì, òdì méjì kì í sì í fẹ́ sún mọ́ra, wọ́n máa ń ti ara wọn ni. Báwo wáá ni okùn náà ṣe ń ká? Nínú omi ara wa, átọ́ọ̀mù magnesium ti pàdánù electron méjì, ó sì ti di ohun tí wọ́n ń pè ní ion, tó ní agbára iná rere méjì. Òun ló ń dúró láàárín, tó ń pẹ̀tù sí ìjà náà, kí okùn lè ṣẹ́ po. Potassium àti sodium náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n agbára rere kan péré ni tiwọn.

Bí RNA kò bá ká dáadáa, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni kò ní lè ṣe. Ẹ wo ribosome, tí RNA pọ̀ jù lára rẹ̀, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì: bí magnesium bá dínkù jù láyìíká rẹ̀, ńṣe ló máa pín sí méjì. (Magnesium kan náà sì ń gé RNA sí wẹ́wẹ́ bí omi bá gbóná jù.)

Nínú abẹ́rẹ́ ńkọ́? mRNA, ọ̀rá, iyọ̀ potassium àti sodium, pẹ̀lú ṣúgà ló wà nínú ti Pfizer tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kò sí magnesium níbẹ̀. AstraZeneca, tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2021, kì í ṣe abẹ́rẹ́ mRNA, ṣùgbọ́n iyọ̀ magnesium díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òòfà kì í fa ìyẹn. Irin tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́ àti àdá, nickel àti cobalt ni òòfà ń fà, kò sì sí ìkankan wọn nínú àwọn abẹ́rẹ́ méjèèjì.

Nǹkan bíi gíráàmù 25 magnesium ló wà lára àgbàlagbà, èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ wà nínú egungun. Tó bá jẹ́ pé òòfà ń fà á ni, ìlẹ̀kùn fíríìjì ì bá ti máa di gbogbo wa mú kí COVID-19 tó dé.