Ihò Tó Kéré Ju Ojú Abẹ́rẹ́ Lọ: Ohun Tó Ń Ṣe Sítóòfù Gáàsì Rẹ

Ìdí ìkòkò ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kọ́kọ́ rí i. Ó ra sítóòfù gáàsì tòkunbọ̀ kan tó ti London dé, olójú mẹ́rin tó ní ófùn nísàlẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán, gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sán, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti tuntun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé omi àmàlà kaná, iná náà yọ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò gòkè. Kí omi tó hó, ìkòkò tó ń kọ mànà ti dúdú bíi ti alákàrà.

Ẹni tó ń ta gáàsì ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó ní wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn. Ó pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pààrọ̀ rọ́bà, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ dé, kò tilẹ̀ wo apá ibi tí sílíńdà wà. Ó ṣí ìdérí bọ́nà ńlá, ó ti sípánà gbọọrọ nọ́ńbà 7 bọ ihò àárín rẹ̀, ó sì tú nǹkan kékeré kan jáde tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí kò ju orí ìṣó lọ. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e fún mi pé kí n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. 115 ni mo rí.

“Bọ̀ọ̀dá, gáàsì inú páìpù ni wọ́n ṣe èyí fún,” ó ní. “Kì í ṣe ti inú sílíńdà.”

Jẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe nǹkan náà. Ihò kan ṣoṣo ló ní, ihò yẹn sì ni gbogbo gáàsì tó ń se oúnjẹ wa ń gbà jáde. Bí a bá pín mílímítà kan sọ́nà ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì ló ń sọ iye tí ihò náà fẹ̀ tó: 115 ni mílímítà 1.15. Nínú ọ̀pọ̀ sítóòfù tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù, bọ́nà ńlá kan náà máa ń gba nǹkan bíi 85 bó bá jẹ́ gáàsì sílíńdà la fẹ́ lò. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn o. Ihò 115 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì ohun tí 85 ń gbà.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ nìkan ni gáàsì méjèèjì jọ ń jẹ́. Gáàsì tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé ìdáná ní London, methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí à ń rà ní kílò-kílò ní Ìbàdàn àti Èkó, propane àti butane ni. Ẹ bu ìwọ̀n kan náà nínú àwọn méjèèjì: ooru tó wà nínú propane ju ìlọ́po méjì ti methane lọ. Agbára tí rẹ́gúlétọ̀ wa fi ń tì í jáde náà ga díẹ̀, nǹkan bí 30 mbar, nígbà tí tiwọn kò ju nǹkan bí 20 lọ. Gáàsì tó lágbára jù, ihò tó fẹ̀ jù, ẹ wo bí iná kò ṣe ní gorí ìkòkò.

Ohun tí iná yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni atẹ́gùn. Láti ìgbà tí Robert Bunsen ti mú irú bọ́nà yìí jáde ní Heidelberg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1855, ọgbọ́n kan náà la ṣì ń lò: gáàsì á tú jáde pẹ̀lú eré láti ihò tóóró, eré yẹn á fa atẹ́gùn wọlé láti ẹ̀gbẹ́, àwọn méjèèjì á dàpọ̀ kí wọ́n tó débi tí wọ́n ti ń jó. Bí atẹ́gùn bá tó, iná á yọ búlúù, á sì dákẹ́. Bí kò bá tó, èérún carbon tí kò jó tán á máa pọ́n nínú iná, òun ni àwọ̀ ìyeyè yẹn, òun náà ló ń di dúdú ìdí ìkòkò. Dúdú ìkòkò ṣeé bó pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ. Ohun tí kò ṣeé bó ni carbon monoxide tó ń bá iná bẹ́ẹ̀ jáde, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Òun kan náà ló ń bẹ nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ pé ṣé ojú kan ló ń ṣàìsàn ni, àbí gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ ojú kan, kò sí ohun tó kan rẹ́gúlétọ̀ níbẹ̀. Ọbẹ̀ tó hó dà sílẹ̀ ló ti di àwọn ihò yíká bọ́nà, tàbí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló dí, tàbí ẹni tó fọ̀ ọ́ ni kò da ìdérí rẹ̀ padà bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ gbogbo ojú ni iná ti rẹ̀, ìgbà yẹn ni ká wo rẹ́gúlétọ̀, ká wo rọ́bà bóyá ó ká tàbí nǹkan tẹ̀ ẹ́, ká sì gbé sílíńdà wò bóyá ó ti fúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti fi èyí dín ìnáwó kù, torí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jó, àjójù ni tiwọn. Rẹ́gúlétọ̀ tó ti kú kì í sábà sọ iná di alágbára.

Jẹ́ẹ̀tì tó dí, ẹ fi omi ọṣẹ gbígbóná rẹ ẹ́, kí ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Àwọn kan máa ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Idẹ rọ̀ ju irin abẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá ti yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ihò 65 lè ti di 70, ìkòkò á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo ti rí oníṣẹ́ tó ń fi abẹ́rẹ́ fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì mọ̀ọ́mọ̀, kí oníbàárà lè rí i pé iná ti “lágbára”. Mi ò ní pe ìyẹn ní àtúnṣe.

Nígbà tí gáàsì bá ń tán lọ, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń dá sílíńdà dùbúlẹ̀ kí ìyókù lè jáde. Ohun tó wà nínú sílíńdà kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán, omi ni, orí omi yẹn ni gáàsì ti ń ru wá. Bí a bá dá a dùbúlẹ̀, omi náà lè gba ẹnu rẹ́gúlétọ̀ wọlé, tó bá sì di afẹ́fẹ́, á fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 250. Kò sí bọ́nà tí wọ́n ṣe fún ìyẹn.

Ófùn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n á tanná sí i, iná á gbà, bí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ bọ́tìnnì báyìí, iná á kú. Wọ́n á ní bọ́tìnnì ti bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ bọ́nà inú ófùn: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọrí síbẹ̀ tí iná ń lá. Thermocouple ni. Ní 1821, Thomas Seebeck, ọmọ bíbí Tallinn tó ń ṣe ìwádìí ní Jámánì, so irin onírú méjì pọ̀, ó mú kí ibi tí wọ́n ti pàdé gbóná, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí ń yí. Iná mànàmáná ló ń ṣàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ rò pé agbára òòfà ni. Èyí tó wà nínú ófùn wa kì í mú ju nǹkan bí mílífóòtì 20 sí 30 wá, díẹ̀díẹ̀ yẹn sì ni òòfà kékeré inú fáàfù fi ń di ẹnu ọ̀nà gáàsì mú ní ṣíṣí. Bí iná bá kú, irin á tutù, òòfà á jọ̀wọ́, sípíríìngì á ti ilẹ̀kùn pa. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ di bọ́tìnnì mú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá: à ń dúró kí irin gbóná ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá fáàfù lọ, ẹ nu orí irin náà, ẹ wò ó bóyá ó ti yẹ̀ kúrò níbi tí iná ti lè kàn án. Bó bá kọ̀, thermocouple tuntun kò wọ́n. Àmọ́ ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sọ́jà, torí gígùn wọn kò dọ́gba, ẹnu tí wọ́n fi ń dè wọ́n kò sì dọ́gba.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ní tiwọn lọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ófùn gáàsì wọn, nǹkan aláwọ̀ eérú kan ló máa ń pọ́n bí ẹyin iná kí gáàsì tó dé. Iná mànàmáná tó ń kọjá lára rẹ̀ náà ló ń ṣí fáàfù, irú èyí tó wọ́pọ̀ sì gbọ́dọ̀ fa nǹkan bí 3.2 sí 3.6 amp. Bó bá ti dàgbà, á ṣì máa pọ́n, ṣùgbọ́n kò ní fa iná tó mọ́, fáàfù kò ní ṣí. Onílé á rí i tó ń pọ́n, á ní kò sóhun tó ṣe é, á lọ ra fáàfù olówó gọbọi. Nǹkan tó ń pọ́n yẹn gan-an ló yẹ kó pààrọ̀. Ẹni tó bá sì di irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹténà wá sílé, kó rántí pé iná fóòtì 120 ló ń lò, yàtọ̀ sí ti jẹ́ẹ̀tì.

Ti ìṣáná ara sítóòfù tó ń dún tá-tá-tá láìdákẹ́ kò le. Omi ló wọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí kò bá dún rárá, ẹ pààrọ̀ bátìrì ná, kí ẹ sì wo tánganran funfun tó wà lẹ́bàá bọ́nà bóyá ó ti sán.

Ọjà wá kù. Ní Alábà, bí ẹ bá pe orúkọ sítóòfù nìkan, ohun tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á gbé fún yín. Ilé iṣẹ́ kan náà lè fi ogún oríṣi bọ́nà sí ogún oríṣi sítóòfù. Nọ́ńbà ni kí ẹ mú lọ. Ó wà lára páálí fàdákà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn sítóòfù, tàbí etí ilẹ̀kùn ófùn, tàbí ìdí àpótí ìsàlẹ̀. Ẹ fi fóònù yà á. Tuntun mìíràn máa ń ní àpò ọ̀rá kékeré tí jẹ́ẹ̀tì oríṣi gáàsì kejì wà nínú rẹ̀. Ti tòkunbọ̀, àpò yẹn ti sọnù tipẹ́. Ní ti rẹ́gúlétọ̀, ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ó má lọ jẹ́ irú alágbára tí àwọn alásè ń lò sídìí ìkòkò ìrẹsì òde àríyá. Tilé kì í ní ohun tí à ń yí láti fi kún agbára.

Bí ohunkóhun bá ti di títú, ẹ fi fóòmù ọṣẹ pa gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀. Bó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò. Ẹ wo gbogbo gígùn rọ́bà pẹ̀lú, torí eku fẹ́ràn rẹ̀. Gáàsì sílíńdà wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń rọra kó sí, imú ẹni tó dúró lè má tètè gbọ́ ọ. Òórùn yẹn pàápàá, wọ́n fi sí i ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, 1937, gáàsì tí kò ní òórùn jò sábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní Texas, ó bú gbàmù, ó sì pa àwọn tó lé ní 290, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Texas sọ ọ́ dòfin pé kí wọ́n fi òórùn sí gáàsì.

Oníṣẹ́ wa fi 85 sí bọ́nà ńlá, ó fi 65 sí méjì àárín, 50 sí kékeré. Iná yọ búlúù, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá owó nínú báàgì nígbà tí oníṣẹ́ ní kó ṣì dúró. Ó fa àwọn bọ́tìnnì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ki sukuduráífà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá wọn, ó ń yí ìdè kékeré kan tó wà níbẹ̀ títí iná ìsàlẹ̀-ìsàlẹ̀ fi dín kù tó ìkòkò ọbẹ̀ tó ń rọ lórí iná. Ó ṣí ilẹ̀kùn ófùn, ó sì pa á dé gbà! Iná náà gbọ̀n, kò kú. Ó mi orí, ó bọ́ sórí bọ́tìnnì kejì.