Orúkọ Tí Ó Wà Ní Ìsàlẹ̀ Pósítà Sinimá

Nígbà tí a bá lẹ pósítà sinimá mọ́ ògiri, àwòrán àti ojú àwọn òṣèré ni àwọn èrò ọ̀nà ń wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó ń ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ayàwòrán ni ó ń pinnu bí orúkọ yóò ti tóbi tó, àdéhùn ni. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé lẹ́tà orúkọ lágbájá kò gbọdọ̀ kéré ju ìdá báyìí lọ nínú títóbi lẹ́tà àkọlé eré. Nítorí pé gíga lẹ́tà ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, àwọn tí ń ṣe pósítà dá ọgbọ́n sí i: wọ́n na lẹ́tà sókè, wọ́n sì dín ìbú rẹ̀ kù títí ó fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìsàlẹ̀ pósítà wọn fi jọra, ìbáà ṣe eré ẹ̀rín, ìbáà ṣe eré ogun. Kódà àmì "&" láàrin orúkọ òǹkọ̀wé méjì ní ìtumọ̀ tirẹ̀: àwọn méjèèjì jùmọ̀ kọ eré náà ni. Bí a bá kọ "and" ní kíkún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1974 ni eré The Towering Inferno jáde, eré ilé gogoro tí iná ń jó. Steve McQueen àti Paul Newman ni aṣáájú nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni orúkọ rẹ̀ yóò ṣáájú sì di àríyànjiyàn. Àwọn àgbà wa ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan, ṣùgbọ́n wọ́n wá ọ̀nà sí i. Orúkọ McQueen wà lápá òsì. Ti Newman wà lápá ọ̀tún, ó sì ga díẹ̀ ju ti èkejì lọ. Ẹni tí ó bá kà á láti òsì, McQueen ni ó kọ́kọ́ rí. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkè, Newman ni. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ti lẹ pósítà ìbò rí, a mọ̀ pé èyí kò ṣe àjèjì sí yín.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ojú ni a fi ń to ipò lórí pósítà sinimá Yorùbá: ojú àgbà òṣèré a tóbi láàrin, ti àwọn yòókù a sì yí i ká. Ó dùn-ún wò, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìtàn kò ní ojú níbẹ̀. Bí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ síta, kí ni yóò fi han ẹlòmíràn tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un? Kí ni yóò fi bèèrè owó tí ó tọ́ sí i? Nítorí náà ni a fi ń ké sí àwọn tí ń gbé eré jáde pé kí wọ́n kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àti bí lẹ́tà rẹ̀ yóò ti ga tó, sínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà síta. Bí ayàwòrán bá sì ní àyè kò tó, kí wọ́n sọ fún un pé kí ó na lẹ́tà náà sókè.