Ìtọ́jú Aláìsàn Kíndìnrín nínú Ilé

Ẹ̀yin ará wa ní Efire, kì í ṣe ìwàásù ni a gbé wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀ nínú ilé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń gbé omi àgbọn fún un mu. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é; ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ omi àgbọn náà gan-an ni yóò pa á.

Méjì ni kíndìnrín, tí Bíbélì àtijọ́ wa pè ní iwe. Nínú ọjọ́ kan wọn a máa sẹ́ omi tí ó tó 180 lítà láti inú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà, kí lítà kan tàbí méjì tó jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Àwọn kan náà ni wọ́n ń rán ara létí láti pèsè ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá ti bà wọ́n jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara a wú, ẹ̀jẹ̀ a dínkù, awọ ara a máa yún ni, egungun a sì di aláìlágbára.

Èyí tí ó léwu jùlọ kò hàn sí ojú. Iyọ̀ kan wà nínú oúnjẹ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pọtásíọ̀mù. Kíndìnrín tí ó yè a máa da àṣẹ́kù rẹ̀ nù. Èyí tí ó ti kú kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn yóò sì máa lù ṣégeṣège, ó sì lè dúró lójijì. Omi àgbọn kún fún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti tòmátò náà ní i púpọ̀. Bí aláìsàn yóò bá jẹ iṣu, kí a gé e kéékèèké, kí a fi omi púpọ̀ sè é, kí a sì da omi náà nù. Àwọn kan yóò bínú sí wa bí a bá fi àgbo kún ohun tí a kọ̀, ṣùgbọ́n a kọ̀ ọ́, pẹ̀lú àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen àti diclofenac.

Ti omi ńkọ́? Ìwọ̀n tí a sábà máa ń fún ni ni ìtọ̀ tí ó tọ̀ ní àná, kí a fi ìgò 50 sẹ́ńtílítà kan kún un, àfi bí dókítà bá sọ òmíràn. Kí a bu omi ọjọ́ náà sínú ìgò ní òwúrọ̀. Bí ó bá mu ẹ̀kọ, kí a da ìwọ̀n kan náà kúrò nínú ìgò. Kí a wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, nítorí kílò kan tí ó lé lójijì jẹ́ lítà omi kan. Àwa ará etí omi fẹ́ràn ẹja tí a fi iyọ̀ pa mọ́. Iyọ̀ sì ni ó ń pe òùngbẹ. Bí kò bá lè dùbúlẹ̀ láìmí gúlegúle, omi ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró: kí a máṣe dúró di òwúrọ̀.

Ẹni tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà ní apá kan tí a ti so iṣan pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ kàn án, ó ń gbọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni máṣe wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní apá náà, kí òun fúnra rẹ̀ má sì sùn lé e lórí. Bí ìgbọ̀n náà bá dákẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ó pé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìgbà kọ̀ọ̀kan yóò kúrò ní 50,000 náírà, yóò di 12,000, ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn àti FMC Abẹ́òkúta wà lára wọn. Èyí jẹ́ 36,000 náírà lọ́sẹ̀, láìka owó ọkọ̀ láti Efire. Nítorí náà kí ìdílé kọ́kọ́ wá ibi tí aláìsàn yóò wọ̀ sí ní ìlú náà.