Ọ̀bẹ Àpò: Ṣé Orúkọ Ìlú La Fẹ́ Rà Ni?

Àwọn kan ní bí ẹgbẹ́ yóò bá ra ọ̀bẹ àpò olówó ńlá fún wa, àfi ti Jámánì.

Ẹ gbọ́ ná. Láyé ọjọ́un, ọ̀bẹ Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló lórúkọ. Àwọn kan ní Solingen, ní Jámánì, wá ń tẹ orúkọ Sheffield sára ọ̀bẹ tiwọn. Ní 1887, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa fi ilẹ̀ tí ó ti wá hàn, kí oníbàárà lè ṣọ́ra. Àmì ìṣọ́ra ọjọ́ náà làwa ń wá kiri lónìí! Iṣẹ́ ọwọ́ ló tún un ṣe.

Èmi náà ti ra ọ̀kan rí nítorí orúkọ ilẹ̀ ara rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tó ń mì lọ́wọ́ bí eyín arúgbó.

Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé. Ṣé ó dúró gbọin? Ta ni yóò gbà á padà bó bá bàjẹ́? Bí méjì bá dọ́gba, nígbà náà ni kí ẹ béèrè ìlú. Òógùn gbogbo wa lowó ẹgbẹ́. Ẹ mú èrò yín wá sípàdé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́