Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ìbínú Ojú Pópó àti Ojúṣe Ẹni Tó Bá Rí I

Ìbínú ojú pópó ni ìwà awakọ̀ tó jẹ́ kí inú fùfù sọ ọkọ̀ ọwọ́ rẹ̀ di ohun ìjà, yálà nípa fífọn fèrè láìdákẹ́, fífi ọkọ̀ dí ẹlòmíràn lọ́nà, tàbí sísọ̀ kalẹ̀ láti wá ìjà. Ó yàtọ̀ sí ìwakùwà, èyí tí í ṣe wíwa ọkọ̀ láìbìkítà fún òfin, bíi gbígba wán-wéè, ìyẹn kíkọjú ọkọ̀ sí àwọn tó ń bọ̀ ní ojú ọ̀nà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan sábà máa ń bí èkejì.

Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí a mọ̀ sí FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 122, tí a lè pè nígbà pàjáwìrì. Ó yẹ kí awakọ̀ tó bá pàdé oníbìínú yà fún un, kí ó má sì dá èébú padà, nígbà tí èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ oníbìínú náà sílẹ̀, tí ó sì ń pe 122, nítorí awakọ̀ tó bá ń tẹ fóònù lórí ìrìn ti di arúfin fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.