Bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe dẹni tó ń gba másítàs láti orí fóònù

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso lóde òní kì í sábà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì. Inú fóònù ni ìwé rẹ̀ wà. Á ṣí i nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, á kà á títí bátìrì yóò fi kú, á sì dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lóru. Oyè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lé ni MPA, ìyẹn másítàs nínú ìṣàkóso ìjọba, tàbí MBA tó jẹ́ ti òwò. Íntánẹ́ẹ̀tì mú un rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó láya, tó bímọ, ti ń fi òru kàwé gboyè nílẹ̀ Yorùbá.

Ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbikíbi tó bá wà, ìbáà má fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé ìwé náà rí. Ìwé á gba orí òkun wá, akẹ́kọ̀ọ́ á dá a kà, á wá jókòó ṣe ìdánwò lábẹ́ ìṣọ́, wọ́n á sì kó ìwé ìdáhùn rẹ̀ padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti máàkì í. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà di ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ òwò ní 1944. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà náà. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ra irè oko tà, ó ti fi ọkọ̀ akérò ṣòwò, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àti nínú òṣèlú. Ọdún yẹn kan náà ló wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ nípa òfin.

Ohun tó jẹ́ kí irú oyè bẹ́ẹ̀ níyì ni ibi tí wọ́n ti ń jókòó ṣe ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kàwé lábẹ́ àtùpà, ó lè kà á nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bìkítà; ìgbà tó bá di ọjọ́ ìdánwò, á fara hàn. Kódà, àwọn tó wà nínú ọgbà ní Ìbàdàn láti 1948, nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà títí di 1962 tí yunifásítì náà fi dá dúró. Ẹni tó jókòó ní kíláàsì àti ẹni tó dá kàwé nílé, ilé ìwé kan náà ló ń buwọ́ lu ìwé-ẹ̀rí wọn.

Ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ yunifásítì dé lẹ́yìn ìyẹn. Yunifásítì Ifẹ̀, tó ṣì wà ní Ìbàdàn nígbà náà, dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso sílẹ̀ ní 1963, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ti gba MPA ní Harvard, ló wá di olùdarí rẹ̀ kó tó lọ di kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ ní 1971. Ẹni tí ìjọba bá yàn láti lọ kàwé láyé ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ti ba nǹkan: owó oṣù ń wọlé, òun náà ń kàwé, àyè iṣẹ́ rẹ̀ sì ń dúró dè é. Study leave ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ìjọba sì gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ di ohun tí ọwọ́ kì í tó bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé sí i ní láti wá bí yóò ṣe kà á lẹ́nu iṣẹ́.

Yunifásítì Èkó ti rí èyí ṣáájú. Ní 1974, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, COSU lorúkọ rẹ̀, ìṣirò owó àti ìṣàkóso òwò sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Open University ti gba ìwé àṣẹ ní 1969, láti 1971 ló sì ti ń fi ìwé tó ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ètò BBC kọ́ni. Ìjọba Shehu Shagari rí i, ó fẹ́ irú rẹ̀ fún Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó, tí àwọn òǹkàwé mọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá, ni wọ́n fi síwájú ètò náà.

Àwọn aṣòfin kò kọ́kọ́ gbà. Ní 1981, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà da àbá òfin náà nù. Iná mànàmáná dà? Ta ni yóò máa gbé ìwé dé ìletò tí kò ní ilé ìfìwéránṣẹ́? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ẹni tó sì ń wá iná tí yóò fi ṣí kọ̀ǹpútà lálẹ́ òní mọ̀ pé a ò tíì dáhùn rẹ̀ tán. Oṣù Keje 1983 ni òfin náà wá jáde. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn ológun gbàjọba, nígbà tó sì di Oṣù Kẹrin 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Wọ́n ní kò sówó, wọ́n ní ohun èlò kò tíì tó.

Àwọn tó ń wá oyè kò torí ìyẹn jókòó. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn yunifásítì tí ọgbà wọn wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ń yá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́ àti ní Sátidé. Ọ̀gá báńkì á ká orúnkún sábẹ́ tábìlì tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún mẹ́fà, á máa da ìwé kọ láti ojú pátákó tí wọ́n ti kọ A, B, D sí lápá kan. Àwọn kan gba oyè tó dára níbẹ̀. Àwọn mìíràn kàn ra oyè ni. Nígbà tí ọ̀rúndún tuntun bẹ̀rẹ̀, àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì ní kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ pa.

Oṣù Kẹrin 2001 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì ní 1984 dìde. National Open University of Nigeria lorúkọ rẹ̀, NOUN ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jẹ́gẹ́dẹ́, tó ti ṣiṣẹ́ ní irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ní Hong Kong, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an, ní Oṣù Kẹjọ, ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó lè sọ nígbà náà pé ohun méjèèjì yóò bára wọn pàdé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni NOUN kọ́kọ́ ń pín. Ó pẹ́ kó tó di pé akẹ́kọ̀ọ́ ń fa ìwé rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọbásanjọ́ alára forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò nípò ní 2007, ó sì kà á dé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni.

Ìdí tí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tí wọ́n ń kà lẹ́nu iṣẹ́ fi gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò ṣòro láti rí. Ẹni tó bá gboyè yunifásítì ń wọṣẹ́ ní ìpele 08, ẹni tó bá ní HND ti pólì ń bẹ̀rẹ̀ ní 07, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ẹni tó ní HND kì í fi lè kọjá ìpele 14 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ká ní ó gbọ́n ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un ni kó gba díplómà àgbà tí wọ́n ń pè ní PGD, kó fi ìyẹn wọ másítàs. Kò sí ìdánwò JAMB nínú èyí, kò sì béèrè pé kéèyàn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá ìgbéga: nọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di alábòójútó wọ́ọ̀dù, tíṣà tó di ọ̀gá ilé ìwé, ẹnjiníà tó ń darí òṣìṣẹ́ ogójì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó tàbí bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ alágídí wí.

Bí ẹ̀kọ́ NOUN ṣe ń lọ kò le láti ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan iye kọ́ọ̀sì tí agbára rẹ̀ ká fún sẹ́mẹ́sítà kan, á san owó wọn, á fa ìwé wọn sórí fóònù. Máàkì 30 wà fún iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA, tí wọ́n ń dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì; máàkì 70 tó kù di ti ìdánwò. Ibi tó ti nira ni àárín ìgbà méjèèjì. Ìwé kan lè tó igba ojú ewé, lẹ́tà rẹ̀ á sì kéré lójú fóònù débi pé ẹni tó ti lé lógójì ọdún á gbé e lọ sí business centre ìtòsí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n sì dì í. Ó tún padà di ìwé tí a gbé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ WhatsApp ni kíláàsì gidi: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ìbéèrè ọdún tó kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ránra wọn létí ọjọ́ tí TMA yóò tì. Gbogbo wọn á sì dúró di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, portal á máa yí bí ẹni pé òòyì kọ́ ọ, ẹnì kan á kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ pé, “Ẹ̀yin ará, ṣé ó ń ṣí lọ́dọ̀ tiyín?”

Gbogbo nǹkan ló ti kó lọ sórí afẹ́fẹ́ tán, àyàfi ìjókòó ìdánwò. Ẹni tó ń ṣe másítàs ní NOUN ṣì ní láti lọ sí ibùdó ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí rẹ̀, ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí ibòmíràn, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kó fọwọ́ síwèé, kó fi bírò kọ ìdáhùn. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìyàwó ilé kan á gbé ọmọ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgò oúnjẹ. Ọkùnrin oníṣúùtì á nu gíláàsì ojú rẹ̀, á tún ṣí ìwé wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ìlà, tí kò ju ọmọ wọn lọ, á ní, “Ẹ fi fóònù sílẹ̀ níta o, mà,” wọ́n á sì fi í sílẹ̀.

Ìṣọ́ yẹn kì í ṣe àṣejù. Láàárín Oṣù Kejìlá 2023 sí Oṣù Kìíní 2024, akọ̀ròyìn Nàìjíríà kan kọ ìròyìn bó ṣe gba oyè yunifásítì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìjókòó sí kíláàsì, ìjọba àpapọ̀ sì dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn tó kàwé níbẹ̀ tọkàntọkàn náà fara gbá a. Èèyàn NOUN mọ irú ìfura bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni NYSC, àjọ tó ń rán àwọn tó gboyè lọ sìnrú ìlú, fi kà wọ́n mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláàbọ̀-àsìkò, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin náà sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kọ́ òfin níbẹ̀. Oṣù Kejìlá 2018 ni àtúnṣe òfin tó fẹ́ mú ìyàtọ̀ náà kúrò rí ìbuwọ́lù ààrẹ. Ààrẹ ọ̀hún ni Muhammadu Buhari, ẹni tó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa ní 1984.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì tún ti èèyàn sọ́dọ̀ NOUN. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ náà, fi oṣù mẹ́jọ gbáko jókòó sílé, láti Oṣù Kejì títí wọ Oṣù Kẹwàá. Ẹni tó ń ṣe másítàs rẹ̀ nínú ọgbà ń ka ọjọ́, ẹni tó wà ní NOUN ń kàwé rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wo òkè òkun, tí wọ́n fẹ́ gba MBA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti orí àga ilé wọn, bá ìṣòro mìíràn pàdé ní Oṣù Kẹfà 2023 nígbà tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ lọ́jà. Owó ilé ìwé tí wọ́n ń fi pọ́n-ùn san di ìlọ́po kí ọdún tó yípo.

Nígbà tí èsì bá jáde, iṣẹ́ kan ṣì kù. Òṣìṣẹ́ tó kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ máa ń rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yanjú kíákíá. Ẹni tó dákẹ́ kà á tán lè rí i pé fáìlì rẹ̀ kò gbà á. Ìgbéga pàápàá ṣì ní ìdánwò tirẹ̀, àyè sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Akọ̀wé á fi ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí náà sí fáìlì, á sì kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jẹ́rìí pé àwọn ni wọ́n fún un. Fáìlì á dúró sórí tábìlì títí èsì lẹ́tà náà yóò fi dé.